Bóòtù Kan Ṣẹ́kù

Lójú ọ̀nà Barnsley sí Wombwell ló ti kọ́kọ́ húkọ́,
ikọ́ àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́.
Ọláìtán ní òtútù ni.
Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ẹ́ńjìnnì gan pa,
oúnjẹ olóúnjẹ ń tutù nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀,
ó ń ti alùpùpù bọ̀ nílé nínú òjò,
máìlì mẹ́rin,
bí ẹni ń sin ọ̀rẹ́ tó ti mutí yó lọ sílé.

Mẹkáníìkì abẹ́ afárá yọjú wo inú rẹ̀,
ó mí kanlẹ̀ bíi dókítà.
Èyí ti lọ, ó ní. Pípààrọ̀ ló kù.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún pọ́n-ùn, owó iṣẹ́ nìkan,
a ò tíì ra nǹkan kan o.
Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà. Mo dákẹ́.
Ọdún kẹfà rèé tí a dé,
mo ṣì ń ṣírò gbogbo nǹkan sí náírà
kó lè dùn mí dáadáa.

Ọláìtán ní, Ọwọ́ tèmi ńkọ́?
Akọ̀wé owó láti Ìlọrin,
tí kò tú nǹkan rí ju sítóòfù ìyá rẹ̀ lọ.

Obìnrin kan ní Doncaster ní ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ tà,
irinwó pọ́n-ùn dín àádọ́ta.
Ó wà ní gáréèjì, lábẹ́ aṣọ ìbùsùn olódòdó,
ó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ń tọ́jú de àlejò.
Ti ọmọ mi ni, ó ní. Kò gùn ún pẹ́.
A ò bi í. Ó gba owó, kò kà á.

Alẹ́ mẹ́ta. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú
lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ okùn aṣọ.
Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ:
ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú náà ń ṣiṣẹ́.
Síbí kọ́. Sísàlẹ̀. Mo ní sísàlẹ̀! Ojú mi lò ń tàn án sí.
Bóòtù tó ti dípẹtà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.
A da ọ́ìlì sí i, a bẹ̀ ẹ́, a fi òòlù gbá a,
orí rẹ̀ já bọ́.
Ọláìtán jókòó sórí kọnkéré,
kò sọ̀rọ̀ títí tọ́ọ̀ṣì fi ń ṣe bàìbàì.
Clifford ilé kejì yọrí lókè ògiri,
mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ ariwo sílẹ̀.
Ó na sípánà kan sí wa,
èyí tí bàbá rẹ̀ lò ní kòtò èédú.
Ẹ dá a padà o, ó ní.

Ẹ̀yìn àpòòwé iná ni mo kọ ìṣirò sí:
Ẹ́ńjìnnì, irinwó dín àádọ́ta.
Ọ́ìlì, méjìlélógún. Okùn kílọ́ọ̀ṣì, mọ́kànlá.
Gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀mejì, a fa àkọ́kọ́ ya.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án láìjáde: mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.
Èékánná àtàǹpàkò Ọláìtán, ẹyọ kan.

Ó tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn.
Ó tẹ̀ ẹ́, ó kùn.
Ó tún tẹ̀ ẹ́, gbogbo fèrèsé àdúgbò sì mọ̀.
A wo inú abọ́ irin: bóòtù kan ṣẹ́kù.
A wá ilé rẹ̀ títí, a ò rí i.
Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ nínú kíṣíìnì mi di òní.

Ìwé tuntun dé láti Swansea:
orúkọ Ọláìtán lókè,
nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ọmọ obìnrin yẹn nísàlẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù:
Ṣé ó ṣiṣẹ́?
Ọláìtán kò kọ èsì. Ó pè é,
ó gbé fóònù lé orí táńkì, ó tẹ iná mọ́ ọn.
A pa á. A dúró.
A ò mọ̀ bóyá ó ti gé ìpè.
Lẹ́yìn náà la gbọ́ tó fa ikun,
ó ní, Ṣéènì yẹn ti dẹ̀. Ẹ fún un díẹ̀.